Mẹ́dà wúrà ara ìgò wáìnì: ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe adájọ́

Ọ̀rọ̀ òṣèlú pọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó epo náà ò sì tíì tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí, ká sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń náwó lé lórí láìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ọtí wáìnì ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́tí mu o. Ẹni tí ò bá mu ún rí, kó má bẹ̀rẹ̀ nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu ún, àti ẹni tí kì í mu ún rárá àmọ́ tó gbọ́dọ̀ rà á nítorí ìnáwó, àwọn méjèèjì lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n to wáìnì sí. Ẹ máa rí i pé àwọn ìgò kan ní sítíkà róbótó lára tó ń dán bíi wúrà. Òmíràn á dà bíi fàdákà, òmíràn á dà bíi idẹ. Wọ́n á kọ "Gold" sí i, wọ́n á kọ ọdún sí i, wọ́n á sì kọ orúkọ ìdíje kan tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ rí yí i ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgò tó ní sítíkà yìí máa ń wọ́n ju èyí tí ò ní lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ dáhùn ni pé, kí gan-an ni sítíkà yẹn ń sọ fún wa? Ṣé ó yẹ ká tìtorí rẹ̀ fi owó lé owó?

Obìnrin kan ládùúgbò wa, Ìyá Ìbejì, ló mú kí n pinnu láti kọ èyí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n sì fẹ́ ra páálí wáìnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ya fọ́tò ìgò mẹ́rin, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èyí tó ní mẹ́dà yìí wọ́n gan-an o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á sọ pé òun ló dáa jù, pé àwọn òyìnbó ti dán an wò. Ṣé òótọ́ ni?" Páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe owó kékeré. Bí ẹ bá ra èyí tí kò tọ́, àwọn àlejò á kàn fi kan ẹnu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á máa béèrè bíà. Owó á ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wáìnì le ni pé èèyàn ò lè tọ́ ọ wò kó tó rà á. Ẹmu tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu, ó lè bu díẹ̀ fún yín. Bó bá ti kan, tàbí tí wọ́n ti bomi là á, ẹnu yín á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò wáìnì, wọ́n ti dé e pa láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé ara ìgò nìkan lẹ máa rí, ẹni tó ni ọjà ló sì kọ ìwé ọ̀hún. Kò sì sí ọlọ́jà tó máa kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé ọjà òun ò dáa. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n yìí ni mẹ́dà ń ṣèlérí fún wa, pé ẹlòmíì tó mọ̀ nípa ọtí ti bá wa tọ́ ọ wò, ó sì ti jẹ́rìí sí i.

Àṣà yìí ti pẹ́ díẹ̀. Láyé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú ńláńlá ní Yúróòpù máa ń ṣe àfihàn ọjà, wọ́n á sì fún èyí tó bá dáa ní mẹ́dà. Nígbà tí wọ́n ń múra irú àfihàn bẹ́ẹ̀ ní Paris lọ́dún 1855 ni wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux sí ipele-ipele, àwọn èèyàn ṣì ń tẹ̀ lé ètò yẹn títí dòní. Ọdún 1870 ni ìdíje ọjà oko tí wọ́n ń pè ní Concours Général Agricole bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, International Wine & Spirit Competition bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, International Wine Challenge sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1984. Concours Mondial de Bruxelles bẹ̀rẹ̀ ní Belgium lọ́dún 1994. Nígbà tó di ọdún 2004, ìwé ìròyìn Decanter ní London dá tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn Decanter World Wine Awards. South Africa, níbi tí ọ̀pọ̀ wáìnì tó wà lórí igbá lọ́dọ̀ wa ti ń wá, náà ní Veritas àti Michelangelo. Àwọn orúkọ tí ẹ máa ń rí lára sítíkà róbótó yẹn nìwọ̀nyí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Bí ìdíje náà bá jẹ́ ojúlówó, ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á bo ìgò lójú. Wọ́n lè fi àpò wé e, wọ́n sì lè bu ọtí sínú gíláàsì níbòmíràn kí wọ́n tó gbé e wá. Nọ́ḿbà nìkan ni àwọn tó fẹ́ tọ́ ọ wò máa rí. Wọ́n lè sọ fún wọn pé wáìnì pupa láti ibi báyìí ni, pé irú èso àjàrà báyìí ni wọ́n fi ṣe é, pé ọdún báyìí ni wọ́n kórè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn atọ́wò á jókòó mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sídìí tábìlì kan. Wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi í yí ẹnu, wọ́n á sì tu ú dànù sínú ike. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí wọ́n bá ń gbé e mì, ọtí á ti pa wọ́n kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Oníkálukú á kọ máàkì tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá jíròrò, wọ́n á sì fẹnu kò.

Ní Decanter, nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, wáìnì tó bá gba 86 sí 89 á gba idẹ. Èyí tó bá gba 90 sí 94 á gba fàdákà. 95 àti 96 ni ti wúrà, nígbà tí 97 sókè jẹ́ ti ipele tó ga ju wúrà lọ, tí wọ́n ń pè ní Platinum. Ní International Wine Challenge, 85 sí 89 ni idẹ, 90 sí 94 ni fàdákà, 95 lọ sókè ni wúrà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Nígbà tí Tobi Amusan gba wúrà nínú eré sísá onídènà ní Eugene, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, wúrà kan ṣoṣo ló wà nínú eré yẹn. Ó fi gbogbo àwọn tó kù sẹ́yìn ni. Mẹ́dà wáìnì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdánwò WAEC ló jọ. Gbogbo ọmọ tó bá gba máàkì tó tó A1 ló máa gba A1, ì báà jẹ́ ọmọ mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáìnì. Nínú ìdíje ńlá kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáìnì ló lè gba wúrà lọ́dún kan náà. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé wáìnì yìí ló dáa jù lágbàáyé torí pé ó gba wúrà, ẹ mọ̀ pé àsọdùn ni. Bákan náà, ẹ má fojú kéré idẹ. Idẹ kì í ṣe ipò kẹta. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó mọ ọtí ti tọ́ ọ wò, wọn ò rí àbùkù gidi kan nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé wọ́n ṣe é dáadáa. Fún ẹni tó ń ra ọtí tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ìyẹn ò kéré o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn bíbo ìgò lójú. Lọ́jọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1976, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta wáìnì ní Paris, Steven Spurrier, kó wáìnì ilẹ̀ Faransé àti ti California jọ. Ó pe àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé mẹ́sàn-án tó mọ ọtí bí ẹni mowó, ó bo ìgò lójú, ó ní kí wọ́n máa fún un ní máàkì. Nígbà náà, ta ló máa sọ pé wáìnì Amẹ́ríkà lè bá ti Faransé dùn ún? Nígbà tí wọ́n ka máàkì tán, Chateau Montelena ti ọdún 1973 láti California ló ṣíwájú nínú ọtí funfun. Stag's Leap Wine Cellars ti ọdún 1973, láti California náà, ló ṣíwájú nínú ọtí pupa. Wọn ò pín mẹ́dà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, bí orúkọ bá kúrò lójú, ẹnu lè sọ ohun tí etí ò gbọ́ rí. Ká ní wọ́n rí orúkọ ara ìgò ni, mi ò rò pé àbájáde náà á rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ apá kejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní California tó ń jẹ́ Robert Hodgson. Onímọ̀ ìṣirò ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ó sì ní ilé iṣẹ́ wáìnì kékeré kan. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé wáìnì rẹ̀ kan náà á gba wúrà níbì kan, tó bá tún dé ibòmíràn, wọn ò ní fún un ní nǹkan kan. Ó bá bá àwọn tó ń ṣe ìdíje California State Fair sọ̀rọ̀, wọ́n gbà fún un kó dán àwọn adájọ́ wọn wò. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005, nínú bí ọgbọ̀n gíláàsì tí wọ́n ń gbé síwájú àwọn adájọ́, wọ́n á bu ọtí inú ìgò kan ṣoṣo sínú mẹ́ta níbẹ̀, láì sọ fún wọn. Ìgò kan náà o, ọtí kan náà, ẹnu kan náà.

Lọ́dún 2008 ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún adájọ́, bíi mẹ́wàá péré ló lè fún ọtí kan náà ní mẹ́dà kan náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá a pàdé. Bíi mẹ́wàá mìíràn fún un ní idẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fún un ní wúrà nígbà míì. Lọ́dún 2009, ó tún wo àbájáde ìdíje 13 l'Amẹ́ríkà, tí wáìnì tó lé ní 4,000 kópa nínú wọn. Nínú èyí, 2,440 ló wọ ìdíje tó ju mẹ́ta lọ. Ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ló gba wúrà níbì kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nínú àwọn tó gba wúrà yìí, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí mẹ́dà kankan gbà níbòmíràn. Bó ṣe jẹ́ pé wúrà ni níbí, òfo ni lọ́hùn-ún.

Èyí tó tún wá pa ni lẹ́rìn-ín ni ti Belgium lọ́dún 2023. Ètò tẹlifíṣàn kan ní iléeṣẹ́ RTBF tó máa ń jà fún àwọn oníbàárà lọ ra wáìnì olówó pọ́ọ́kú ní súpámákẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi Yúrò méjì àbọ̀. Èyí tí kò dùn ni wọ́n dìídì mú. Wọ́n tẹ ìwé ara ìgò tuntun fún un, wọ́n fún un ní orúkọ ńlá bíi ti ilé ọlọ́lá, wọ́n sanwó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje kan nílẹ̀ Faransé. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wúrà ni wọ́n fún un!

Ẹ̀yin náà á wá bi mí pé, ṣé ká kúkú gbàgbé mẹ́dà ni? Èrò tèmi ni pé rárá. Bí ẹlẹ́rìí kan bá purọ́ ní kóòtù, a kì í tìtorí ìyẹn ní kí wọ́n má pe ẹlẹ́rìí mọ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè: ta ni ọ́? Níbo lo ti rí i? Ta ló sanwó fún ẹ? Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ló yẹ ká máa bi mẹ́dà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn adájọ́ fi ń ṣì í. Ẹnu èèyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n gàrí. Bí ẹ bá mu ọtí pupa tó ń mú ẹnu gbẹ, tẹ́ ẹ mu ogún irú rẹ̀ tẹ̀ léra, ìkọkànlélógún ò lè dùn lẹ́nu yín bó ṣe yẹ kó dùn. Èyí tó tẹ̀ lé ọtí burúkú á dà bí oyin. Èyí tó tẹ̀ lé ọtí gidi á dà bí omi. Bí wọ́n bá wá ní kí èèyàn tọ́ ọgọ́rùn-ún wò lóòjọ́, kí ni kó ṣe?

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. International Wine Challenge ní kò sí wáìnì tó máa gba mẹ́dà lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò ní tọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjàrà àti wáìnì, OIV, ní kí ìdíje tó bá fẹ́ kí àjọ náà ti òun lẹ́yìn má fún ju ọgbọ̀n lọ ní mẹ́dà nínú ọgọ́rùn-ún wáìnì tó bá wọlé. Ìdíje tí kò bá ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ lè fi mẹ́dà pín bí ìgbà tí wọ́n ń pín súfínà níbi ìnáwó.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì nílẹ̀ Faransé, Emmanuel Paroissien àti Michael Visser, náà ti ṣèwádìí lórí ìdíje 11. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2020. Wọ́n rí i pé tí wáìnì bá ti gba mẹ́dà, owó tí ẹni tó ṣe é ń tà á máa ń fi bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ṣùgbọ́n ìdíje díẹ̀ péré nínú wọn ni mẹ́dà wọn bá bí wáìnì ṣe dáa tó mu. Irú ìdíje wo ni? Àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ni, tí wọn kì í sì í gbé wáìnì púpọ̀ síwájú adájọ́ lóòjọ́. Èmi ò rí ìmọ̀ràn tó dáa ju ìyẹn lọ fún oníbàárà. Ìdíje tó ti ní orúkọ tó lè bàjẹ́, tó sì ń jẹ́ kí adájọ́ rẹ̀ sinmi, òun ni kẹ́ ẹ máa gbọ́ tiẹ̀.

Ní ti owó, kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó ṣe wáìnì ló ń sanwó kí wọ́n tó tọ́ wáìnì rẹ̀ wò. Nínú àwọn ìdíje ńlá ní London, ó lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lórí wáìnì kan ṣoṣo. Bó bá jáwé olúborí, ó tún máa ń sanwó sítíkà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgò. Èyí ò sọ pé wọ́n ń ra mẹ́dà o, torí ẹni tó sanwó lè má rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹni tó fìdí rẹmi kì í pariwo. Sítíkà "a kùnà" ò sí. Ìkejì, wáìnì tí kò ní mẹ́dà lè jẹ́ èyí tí ò wọ ìdíje rárá. Àgbẹ̀ kékeré lè má rówó san. Àwọn ilé wáìnì tí òkìkí wọn ti kàn jù lágbàáyé kì í sábà wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀, torí kò sí ohun tí mẹ́dà fẹ́ fi kún orúkọ wọn. Nítorí náà, àìní mẹ́dà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọtí ò dáa.

Ó wá kù bí a ṣe máa lò ó. Bẹ́ ẹ bá rí sítíkà róbótó lára ìgò, ẹ kọ́kọ́ kà á. Àwọn kan wà tí kì í ṣe mẹ́dà rárá, òǹtẹ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n wá fi àwọ̀ wúrà kùn ún. Mẹ́dà tòótọ́ máa ń sọ orúkọ ìdíje àti ọdún rẹ̀. Ẹ wá wo ọdún tó wà lára ìgò fúnra rẹ̀, ìyẹn ọdún ìkórè àjàrà. Wáìnì ọdún kan kì í ṣe ti ọdún kejì, òjò àti oòrùn ò rí bákan náà lọ́dọọdún. Bí wáìnì ọdún 2018 bá gba wúrà, kò kan ti ọdún 2022. Ṣé ẹ mọ agolo ọbẹ̀ Campbell's ti Amẹ́ríkà? Mẹ́dà tó gba ní Paris lọ́dún 1900 ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Mẹ́dà kì í kú, ṣùgbọ́n ọjà máa ń yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú fóònù yín. Àwọn ìdíje ńlá ní ibi tí ẹ ti lè tẹ orúkọ wáìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ máa rí mẹ́dà tó gbà àti ohun tí àwọn atọ́wò sọ nípa rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Bí wáìnì kan náà, ti ọdún kan náà, bá gba mẹ́dà ní ìdíje méjì tàbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè fọkàn tán an díẹ̀ sí i, torí pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ò mọ ara wọn ti ń sọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà tí mẹ́dà ò lè sọ fún yín láéláé, ìyẹn ni pé ṣé ó máa dùn lẹ́nu yín. Adájọ́ ń wò ó bóyá wọ́n ṣe ọtí náà dáadáa ní irú tirẹ̀. Ọtí pupa tí ò ládùn rárá, tó ń mú ẹnu gbẹ, lè gba wúrà, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ síbi ìnáwó tiwa, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fẹ́ wáìnì aládùn, ẹ máa rí bí àwọn ẹ̀gbọ́n á ṣe máa fojú sọ̀rọ̀. Mẹ́dà náà ò purọ́, ìbéèrè tiwa ni kò dáhùn. Nítorí náà, ẹ wo ara ìgò bóyá "sweet" ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí "dry", kẹ́ ẹ tó wo mẹ́dà.

Mẹ́dà ò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìgò lẹ́yìn ìdíje. Inú yàrá tútù ni wọ́n ti tọ́ ọ wò ní London tàbí Brussels. Ìgò tó wà níwájú yín ti wọkọ̀ ojú omi, ó ti jókòó sí èbúté, ó ti wà nínú ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ọlọ́jà gbé e sí, tí oòrùn ń pa á látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ooru máa ń ba wáìnì jẹ́. Èmi ò ní ra ìgò tó wà nínú oòrùn, kódà bó gba wúrà mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ tún rántí pé mẹ́dà kì í ṣe nọ́ḿbà NAFDAC. Nọ́ḿbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún títà nílẹ̀ yìí. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ sì wo ìdérí rẹ̀ dáadáa bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ìgò ayédèrú náà lè ní sítíkà tó ń dán.

Ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì nìyí: "Ẹ ra ìgò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé wọn wálé. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé wọn látòkè délẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà sí wọn, ẹ wá pe àwọn mọ̀lẹ́bí méje tàbí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ má sọ èyí tó wọ́n fún wọn." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Nígbà tí wọ́n tú ìwé ìròyìn tán, èyí tó ní wúrà tí ọlọ́jà ń pariwo rẹ̀ ló gbẹ́yìn. Kì í ṣe pé kò dáa, wọ́n kàn ní kò ládùn ni. Èyí tí wọ́n mú ní fàdákà láti ìdíje kan ní South Africa, aládùn ni, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti onítọ̀hún. Èyí tó ṣe ipò kejì ò ní mẹ́dà kankan. Owó ìgò mẹ́rin ni wọ́n fi dán an wò, owó páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi gbà sílẹ̀.

Ẹ ò rí i pé mẹ́dà wúlò, àmọ́ kò dá dúró. Bí ìgò méjì bá wà níwájú yín, tí irú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí owó wọn sún mọ́ra, tí ọ̀kan sì gba mẹ́dà ní ìdíje tó ní orúkọ, ẹ mú onímẹ́dà. Ó ṣeé ṣe kó dáa ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́rìí sí. Ṣùgbọ́n bí mẹ́dà bá fẹ́ sọ owó di ìlọ́po méjì, tàbí tí ìdíje náà ò lórúkọ, tàbí tí ọdún ò bá ọdún mu, ẹ rọra.

Mo fẹ́ bẹ àwọn tó ń kó wáìnì wọlé àtàwọn tó ń tà á náà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín tajà ní ohun tí mẹ́dà túmọ̀ sí. "Òyìnbó ti dán an wò" kì í ṣe àlàyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún oníbàárà pé aládùn ni tàbí pé kò ládùn, àti irú oúnjẹ tí wọ́n lè fi tì í. Oníbàárà tí wọ́n sọ òótọ́ fún lẹ́ẹ̀kan, á tún padà wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rà á, adájọ́ tó kẹ́yìn wà nínú ẹnu yín. Ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ má gbé àga adájọ́ fún un. Ẹni tó bá sì máa wakọ̀ lọ sílé lẹ́yìn òde, kó jẹ́ kí omi tó o o.